Bí a ṣe ń fi ọ̀dà, bébà, iyanrìn àti òwú ṣe ojú ọ̀run alẹ́ sórí kánfáàsì

Bí ẹ bá bọ́ síta lóru ọjọ́ tí òṣùpá kò lé, tí ẹ dúró síbi tí iná ilé kankan kò dé, ẹ fi ìràwọ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ kọ́kọ́ wo òkùnkùn tó wà láàárín wọn. Kò dúdú bí èédú. Òkè orí yín gan-an ló ti ṣú jù, bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí ojú yín ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀, títí á fi fẹ́ dà bí eérú tó ní búlúù nínú. Òkùnkùn yẹn ni iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá mọ òkùnkùn kọ́, ìràwọ̀ rẹ̀ á tàn láìṣe wàhálà.

Àwòrán ojú ọ̀run tí mo kọ́kọ́ ṣe, ibi ìràwọ̀ ni mo sáré lọ. Mo da ọ̀dà dúdú bo kánfáàsì látòkè délẹ̀, mo wá ń fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan ọ̀dà funfun sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo sún sẹ́yìn wò ó, ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù ni mo rí. Ẹtù rẹwà lóòótọ́, àmọ́ àmì funfun ara rẹ̀ tò dọ́gba, ọ̀kan kò tóbi ju èkejì lọ. Ìràwọ̀ kì í tò bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò mi fún ohun tó wà lẹ́yìn ìràwọ̀.

Irú iṣẹ́ yìí ni àwọn ayàwòrán ń pè ní mixed media: ọ̀dà nìkan kọ́ ló máa wà lójú kánfáàsì. Ní 1912, ayàwòrán Picasso lẹ aṣọ tí wọ́n fi òróró kùn mọ́ àwòrán kan, ó sì fi okùn gidi yí etí rẹ̀ ká. Kò sí ẹni tó tún lè sọ pé àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀dà lásán lẹ́yìn ìyẹn. Ojú ọ̀run sì yẹ irú iṣẹ́ yìí gan-an, nítorí ó ní ohun tó jìnnà àti ohun tó sún mọ́, ó ní ohun tó rọ̀ bí èéfín àti ohun tó mú bí abẹ́rẹ́. Ọ̀dà nìkan lè ṣe é, ṣùgbọ́n bébà àti òwú máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ wá kánfáàsì tí wọ́n ti nà mọ́ férémù igi, bí 40 sẹ̀ǹtímítà sí 50. Èyí tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í gba ohun tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀dà àkírílíìkì ni kí ẹ lò, torí omi la fi ń pò ó, ó sì ń tètè gbẹ. Àwọ̀ mẹ́fà tó: búlúù ultramarine, búlúù phthalo, búráùn tí wọ́n kọ burnt umber sí lára, àlùkò, funfun titanium, àti pupa tó fẹ́ jọ ọsàn díẹ̀. Ẹ ó rí i pé mi ò dárúkọ dúdú. Dúdú inú túùbù máa ń sọ ojú ọ̀run di ògiri. Bí ẹ bá po ultramarine mọ́ burnt umber, ẹ ó rí dúdú tó jinlẹ̀, tí búlúù ṣì ń mí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó tutù, ẹ fi búlúù kún un, bí ẹ bá fẹ́ kó móoru, búráùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá gesso (ọ̀dà funfun tí a fi ń kọ́kọ́ pa ojú kánfáàsì), gúlúù funfun, modelling paste díẹ̀ (ohun tó ki tí a fi ń mọ ohun tó gbérí sójú àwòrán), bébà tíṣù fẹ́lẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń wé ẹ̀bùn, iyanrìn, òwú funfun àti abẹ́rẹ́, fọ́ìlì kékeré kan, kànìnkànìn, búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ kan, tín-ín-rín kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ kò lò mọ́, igi ìtayín, ọ̀bẹ ọ̀dà tàbí káàdì ike àlòkù, àti fáníìṣì tí a fi ń bo àwòrán tó bá ti parí. Bó bá jẹ́ iyanrìn etí òkun ni ẹ rí, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sá a gbẹ. Iyọ̀ tó bá kù sára rẹ̀ á máa fa ọ̀rinrin sábẹ́ ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ti ní ọ̀dà olóròóró nílé: ọ̀dà olóròóró lè gun orí àkírílíìkì tó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àkírílíìkì kun orí ọ̀dà olóròóró láé. Kò ní rí ibi dì mú, bó pẹ́ bó yá á bó.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yan irú òru tí ẹ fẹ́

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀dà. Ẹ mú bébà àti pẹ́ńsùlù, kí ẹ pinnu bóyá òru òṣùpá ni tàbí òru ìràwọ̀. Méjèèjì kì í lágbára papọ̀. Lọ́jọ́ òṣùpá àrànmọ́jú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń bo àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó nà gbọọrọ bí èéfín, èyí tí wọ́n ń pè ní Milky Way, kì í sì í hàn rárá. Àwòrán tó bá kó òṣùpá ńlá àti Milky Way pọ̀, ojú á mọ̀ pé nǹkan kan kò bára mu níbẹ̀, kódà bí ẹni tó ń wò ó kò lè sọ ohun tó jẹ́.

Bó bá jẹ́ òṣùpá tín-ín-rín bí èékánná ni ọkàn yín fà sí, Àgùàlà lè bá a rìn. Ẹ̀yin náà mọ òwe náà, pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà yìí ni pílánẹ́ẹ̀tì Venus. Nínú ojú ọ̀run wa, kì í jìnnà sí oòrùn ju nǹkan bíi dígírì 47 lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i ní ìwọ̀ oòrùn lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, tàbí ní ìlà oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ẹ má gbé e sókè gàn-ù-gàn-ù láàárín òru dúdú. Ẹ jẹ́ kí ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí ọ̀run ti ṣì ní ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ nínú, kí òṣùpá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tín-ín-rín.

Ohun méjì ni àwọn èèyàn máa ń ṣì ṣe níbi òṣùpá. Apá tó mọ́lẹ̀ lára òṣùpá gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí oòrùn wà, ìyẹn síbi tí ọ̀run yín ti mọ́lẹ̀ jù nísàlẹ̀. Èkejì ni ìràwọ̀ tí wọ́n máa ń fi sáàárín ìwo òṣùpá méjèèjì. Apá òṣùpá tí a kò rí ṣì wà níbẹ̀, òkùnkùn ló bò ó, kò sì sí ìràwọ̀ tó lè ti inú rẹ̀ yọ.

Òru Milky Way ni mo máa tẹ̀ lé nínú àlàyé tó kù, torí òun ló ń lo gbogbo ohun èlò wa dáadáa. Ẹ fa ìlà ilẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá, kó má ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ẹ wá fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ọ̀nà tí èéfín ìràwọ̀ náà máa gbà, láti igun kan nísàlẹ̀ lọ sí igun kejì lókè. Ẹ má jẹ́ kó tọ́ bí ọ̀pá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojú tó ní gbùngbùn

Ẹ kun gesso lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá kùn ún látòkè wá sísàlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kùn ún láti ọ̀tún lọ sí òsì lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ bíi wákàtí kan kí èkejì tó gùn ún.

Bébà ló kàn. Ẹ fi omi là gúlúù, ìwọ̀n gúlúù méjì sí omi kan. Ẹ fi ọwọ́ rún bébà tíṣù náà, kí ẹ tún un tú, kí ẹ fà á ya ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ya á, ẹ má lo sísọ́ọ̀sì, torí etí tí sísọ́ọ̀sì gé máa ń hàn gbangba lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ fi gúlúù pa ojú ọ̀nà tí ẹ sàmì sí, kí ẹ tẹ́ bébà lé e, kí ẹ sì tún rọra fi gúlúù kun orí rẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Ẹ ki ìwé kan sábẹ́ kánfáàsì kí ó má baà tẹ̀ wọlé nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ sún mọ́ ọn nísinsìnyí kí ẹ wò ó. Bí gúlúù ṣe ń mu bébà náà, á kọ́kọ́ mọ́ gaara, á fẹ́ pòórá, lẹ́yìn náà á hunjọ: ìlà wẹ́wẹ́ á gbérí, òmíràn á ya ẹ̀ka bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ àgbàlagbà. Ẹ má tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Orí àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni ìmọ́lẹ̀ máa dúró sí tó bá yá. Bí ẹ bá fẹ́ darí wọn, ẹ fi igi ìtayín tì wọ́n kí wọ́n lè tẹ̀ lé ọ̀nà èéfín náà. Afẹ́fẹ́ tó bá há sábẹ́ bébà nìkan ni kí ẹ fi ìka tẹ̀ jáde.

Fún ilẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ po iyanrìn mọ́ gesso kí ó ki, kí ẹ fi káàdì ike fà á. Modelling paste ni kí ẹ fi ṣe òkè tàbí àpáta bí ẹ bá fẹ́, kó má nípọn ju mìlímítà 3 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo ti gbìyànjú rí láti fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun yá a lára. Ojú rẹ̀ gbẹ kí inú tó gbẹ, ojú sún kì, ó sì sán kárakára bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀rọ náà wúlò fún ọ̀dà fẹ́lẹ́. Ohun tó bá nípọn, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òkùnkùn

Ibí ni kí ẹ ti mú sùúrù jù. A kò ní kun òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan. A máa tò ó ní ìpele ìpele, kí èyí tó wà lábẹ́ lè máa hàn díẹ̀ lára èyí tó wà lókè. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ṣe ń rí jíjìn.

Ẹ kọ́kọ́ fi búlúù phthalo tí funfun díẹ̀ wà nínú rẹ̀ kun gbogbo ojú ọ̀run. Á mọ́lẹ̀ jù lójú yín, ọkàn yín á sì fẹ́ tètè bò ó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ po ultramarine mọ́ burnt umber, kí ẹ fi omi là á títí tí ẹ ó fi máa rí ojú bébà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹ bá kùn ún dánwò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, kí ẹ máa fà á wá sísàlẹ̀. Kó tó gbẹ, ẹ fi kànìnkànìn tútù nu etí rẹ̀ kó lè rá mọ́ ti ìsàlẹ̀ láìsí ìlà. Bó bá gbẹ, ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kejì yìí ẹ má sọ̀ kalẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fi àlùkò díẹ̀ sí i, kí ẹ sì dúró lókè níbẹ̀. Ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún kò pọ̀ jù. Ẹ rántí pé àkírílíìkì máa ń ṣú sí i díẹ̀ bó bá gbẹ, ẹ má fi ojú tútù rẹ̀ ṣe ìdájọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá tutù sí ọwọ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kun òmíràn lé e nígbà tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, búrọ́ọ̀ṣì á hó èyí tó wà lábẹ́, ojú rẹ̀ á sì rí pàlàpàlà. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó tún ibẹ̀ kùn.

Ní ojú ọ̀nà tí bébà wà, ẹ má jẹ́ kí òkùnkùn pọ̀ jù. Ìpele méjì tó níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: èéfín ìràwọ̀

Ẹ po funfun mọ́ búlúù bíńtín. Ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ kàn án, kí ẹ wá nu búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́ aṣọ títí tí yóò fi fẹ́ gbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ lẹ́bàá ojú kánfáàsì, kí ẹ fà á kọjá lórí bébà tó hunjọ, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ. Ọ̀dà á mú orí àwọn ìlà tó gbérí nìkan, àárín wọn á wà ní dúdú. Ohun tí búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kò lè yà ní odindi ọjọ́ kan á jáde níṣojú yín. Ní tèmi, ìṣẹ́jú yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi kànìnkànìn tẹ ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó máa rá lọ sínú òkùnkùn. Apá kan nínú ọ̀wọ́ náà gbọ́dọ̀ nípọn kí ó sì mọ́lẹ̀ ju apá kejì lọ, torí bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́: ìhà tí ààrín gbùngbùn ọ̀wọ́ ìràwọ̀ wa wà ló kún jù. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tún mú àpòpọ̀ òkùnkùn yín, kí ẹ fi ya ọ̀nà dúdú wọ́gọwọ̀gọ sí àárín ìmọ́lẹ̀ náà. Ibi dúdú wọ̀nyẹn kì í ṣe ibi tí kò sí ìràwọ̀. Eruku òfuurufú ló dí ìmọ́lẹ̀ èyí tó wà lẹ́yìn wọn. Láìsí wọn, Milky Way yín á dà bí kùrukùru lásán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìràwọ̀

Ẹ fi bébà bo ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ po funfun mọ́ omi kí ó ṣàn bíi mílíìkì, kí ẹ ti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ̀ ọ́, kí ẹ gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí bébà míì: ẹ fi àtàńpàkò fa irun búrọ́ọ̀ṣì náà sẹ́yìn kí ẹ jẹ́ kó fò padà. Bó bá ń kán ní tóóbi tóóbi, omi ti pọ̀ jù. Bó bá jáde wẹ́wẹ́ bí eruku, ẹ yí i sí kánfáàsì. Ẹ ta púpọ̀ sí ojú ọ̀nà èéfín, ẹ ta díẹ̀ sí ibòmíràn, kí ẹ fi àwọn ibì kan sílẹ̀ láìta nǹkan kan sí i.

Níbi òkùnkùn dáadáa, ìràwọ̀ tí ojú lásán lè rí ní gbogbo àyíká ọ̀run tó nǹkan bí 6,000, ìdajì wọn ló sì ń wà lókè orí wa lẹ́ẹ̀kan. Nínú gbogbo wọn, àwọn tó mọ́lẹ̀ jù lọ kò ju bí ogún lọ. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò yìí darí ọwọ́ yín: àìmọye wẹ́wẹ́, ìwọ̀nba tó tóbi díẹ̀, àti márùn-ún tàbí mẹ́fà péré tó ń dán gbinrin. Àwọn tó ń dán wọ̀nyí ni kí ẹ fi igi ìtayín kàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọn kò gbọ́dọ̀ funfun tán. Nínú ọ̀wọ́ ìràwọ̀ Orion, Betelgeuse tó wà ní èjìká pupa rẹ́súrẹ́sú, Rigel tó wà lẹ́sẹ̀ sì funfun tó ń ṣe búlúù. Ooru ló fà á, ó sì yàtọ̀ sí bí a ṣe ń fi pupa ṣe àmì ohun tó gbóná: ojú Betelgeuse gbóná tó nǹkan bí 3,500 kelvin (òṣùwọ̀n ooru), ti Rigel tó nǹkan bí 12,000. Pupa ló tutù jù. Ẹ fi pupa ọsàn bíńtín sínú funfun fún ìràwọ̀ kan tàbí méjì, búlúù fún ìràwọ̀ mẹ́ta, ó ti tó.

Orion yìí náà ló dára jù láti fi òwú ṣe. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò láti ojú kánfáàsì síbi ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan: èjìká méjì, ẹsẹ̀ méjì, àti mẹ́ta tó tò sí ìbàdí. Ẹ fi òwú so wọ́n pọ̀ láti ẹ̀yìn wá, kí ẹ so kókó rẹ̀ sẹ́yìn kí ẹ sì kán gúlúù sí i. Ẹ má fa òwú náà le jù kí kánfáàsì má baà súnkì. Fún ìràwọ̀ mẹ́ta ìbàdí, ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń lu bébà gé fọ́ìlì róbótó, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Mẹ́ta náà ni kí fọ́ìlì mọ, torí bó bá pọ̀, òun nìkan ni ojú á máa rí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ilẹ̀ àti fáníìṣì

Ẹ fi òkùnkùn yín tí kò lómi kun ilẹ̀ oníyanrìn náà. Bí ẹ bá fẹ́ igi, ẹ̀ka mélòó kan tó. Ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀, torí àkírílíìkì tó bá ti gbẹ mọ́ ọn kò ní fi omi lásán kúrò.

Ẹ dúró ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó kun fáníìṣì, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ bí modelling paste bá nípọn. Fáníìṣì tó ń dán máa ń mú kí dúdú jinlẹ̀ ṣùgbọ́n á máa gbé iná yàrá padà sójú. Èyí tí kò dán rárá máa ń mú kí òkùnkùn ṣí díẹ̀. Satin tó wà láàárín wọn ni mo yàn. Ìpele fẹ́lẹ́ méjì ni, ẹ má da ọ̀kan nípọn. Bó bá jẹ́ oní-fífọ́n, ìta gbangba ni kí ẹ ti fọ́n ọn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́, ẹ má kọ́ ọ síbi tí fèrèsé kọjú sí i. Ẹ wá ògiri tí iná ti máa ń ta sí i láti ẹ̀gbẹ́. Lálẹ́, bí ẹ bá pa gbogbo iná yòókù tí ó ku ẹyọ kan yẹn, àwọn ìlà bébà tó hunjọ á ju òjìji wẹ́wẹ́ síra wọn, òwú Orion á yọ sójú, iyanrìn ìsàlẹ̀ á sì ṣókùnkùn pátápátá.